Ìlẹ̀kẹ̀ Òṣogbo àti àwòrán inú géèmù àtijọ́: ǹjẹ́ ìbátan wà láàárín wọn?

Ọmọ Ọ̀ṣun (oníbèérè)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Àárẹ̀ ọjọ́ Sátidé ṣì wà lára mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ń jà mí lọ́kàn tí mo fẹ́ bi yín.

Láti agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ni mo ti jókòó síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta tí ó tẹ̀ léra wọn lórí iṣẹ́ ọnà ìlú wa, Òṣogbo. Wọ́n sọ nípa Mbárí Mbáyọ̀, ilé iṣẹ́ ọnà tí Dúró Ládiípọ̀ dá sílẹ̀ ní 1962, nípa àwọn ọ̀dọ́ tí Georgina Beier kọ́ ní iṣẹ́ ọnà, àti nípa Jimoh Buraimoh, ẹni tí ó ń bójú tó iná orí ìtàgé fún Ládiípọ̀ kí ó tó di ẹni tí ayé mọ̀ mọ àwòrán ìlẹ̀kẹ̀. Oorun ti ń kùn mí nígbà tí wọ́n gbé ọ̀kan nínú àwòrán náà síwájú wa, ṣùgbọ́n bí mo ṣe rí i ni ojú mi dá.

Ní agogo mẹ́rin mo sáré lọ sí ayẹyẹ ìyá wa tí wọ́n pé ẹni 60 ọdún. Níbi tí wọ́n ti ń jó ni okùn iyùn ọrùn wọn já, tí èmi àti àwọn ọmọdé sì kúnlẹ̀ sábẹ́ àga, tí a ń ṣà á ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Lálẹ́, ẹ̀gbọ́n mi gbé géèmù orí tẹlifíṣọ̀n tí a fi dàgbà jáde, ó fẹ́ atẹ́gùn sí ẹnu kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, a sì gbá a títí di agogo méjì òru. Mo sún mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n láti wo Mario, ọkùnrin kékeré inú géèmù náà: fìlà rẹ̀, irunmú rẹ̀, apá rẹ̀, gbogbo rẹ̀ jẹ́ ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí a tò jọ bí iyùn tí mo ṣà. Ǹjẹ́ ìbátan gidi wà láàárín iṣẹ́ méjèèjì, tàbí àárẹ̀ ni ó mú kí n rò bẹ́ẹ̀? Ẹ jọ̀wọ́, kí ló sì dé tí àwòrán náà fi rí ṣákaṣàka lórí tẹlifíṣọ̀n tuntun?

Bàbá Alátùn-únṣe

Kú ìnáwó, ọmọ mi. Ẹ̀mí ìyá yín á gùn. Iṣẹ́ títún tẹlifíṣọ̀n ṣe ni mo ń jẹ, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ ni n ó sọ.

Ẹ̀rọ géèmù Nintendo tí ó jáde ní Jàpáánù ní 1983 kò lè gbé ju ẹyọ àmì (àwọn ẹyọ àwọ̀ kéékèèké tí o rí yẹn) 256 ní ìbú àti 240 ní òró lọ. Àwọn ayàwòrán ń fi àpótí kéékèèké tí ó jẹ́ ẹyọ àmì 8 sí 8 kọ́ gbogbo nǹkan, àwọ̀ mẹ́ta péré ni ẹ̀dá kan sì lè ní nínú àpótí bẹ́ẹ̀. Mario kékeré jẹ́ àpótí mẹ́rin. Ẹni tí ó dá a, Shigeru Miyamoto, fún un ní irunmú nígbà tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1981, kí ẹ̀rọ yìí tó dé, nítorí pé ẹnu kò ṣeé yà dáadáa ní ààyè tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀, ó sì dé e ní fìlà kí ó má baà ya irun. Wo ìkùukùu àti igbó inú géèmù náà dáadáa: àwòrán kan náà ni wọ́n, àwọ̀ nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Ní ti tẹlifíṣọ̀n, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọngọ ni wọ́n ya àwòrán wọ̀nyẹn fún. Ó máa ń jẹ́ kí etí àwọ̀ kan wọ inú èkejì díẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì rọ̀ lójú. Èyí tuntun ń fi etí ẹyọ àmì kọ̀ọ̀kan hàn, ó sì tún ń fa àwòrán náà gbòòrò. Yí i sí 4:3, ìyẹn ìbú mẹ́rin sí òró mẹ́ta. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ yéé fẹ́ atẹ́gùn sí kásẹ́ẹ̀tì, nítorí pé ọ̀rinrin ẹnu ń ba irin inú rẹ̀ jẹ́. Òwú àti sípírítì díẹ̀ ni kí ó fi nù ún.

Ọmọ Aládé Ẹ̀fọ̀n

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Mo fẹ́ yàtọ̀ díẹ̀, nítorí pé ìdí ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè.

Ẹni tí ń ṣe adé kì í to ìlẹ̀kẹ̀ sínú àpótí. Ó ń sín in sí okùn ni, á wá rán okùn náà mọ́ aṣọ, ìlà lẹ́yìn ìlà, á sì jẹ́ kí ìlà náà yí gba ibi tí imú tàbí ojú bá gbà. Wo àwòrán Buraimoh, ìwọ yóò rí i pé ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn ni. Lójú tèmi, aṣọ òkè ni ìbátan géèmù yẹn gan-an. Òwú kan wà ní òró, ahunṣọ ń ju òmíràn kọjá ní ìbú, ibi tí wọ́n bá sì ti pàdé ni àwọ̀ ti ń jáde. Nígbà tí ahunṣọ bá fẹ́ fi òwú àfikún ya wàláà sára aṣọ, ó ní láti ka òwú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Jàpáánù yẹn ṣe ka ẹyọ àmì wọn, kò sì lè ya ohun tí ó yí kiribiti.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ọnà

Mo fara mọ́ ẹ̀gbọ́n Aládé. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé MoMA ní New York kó géèmù 14 wọlé ní 2012, Pac-Man àti Tetris sì wà lára wọn, nítorí náà kì í ṣe ìwọ nìkan ni o ka nǹkan wọ̀nyí sí iṣẹ́ ọnà. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta, òde àríyá àti àìsùn ti pọ̀ jù fún ọjọ́ kan. Kọ ohun tí o gbọ́ sílẹ̀ kí o tó gbàgbé.

Ọmọ Ọ̀ṣun

Mo dúpẹ́ gan-an lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin àgbà. Lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Aládé Ẹ̀fọ̀n, mo mú gèlè aṣọ òkè tí ìyá wa wé lọ́jọ́ náà, mo sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì lábẹ́ iná. Wàláà kan wà ní etí rẹ̀ lóòótọ́. Mo fi orí abẹ́rẹ́ kà á. Gbogbo etí rẹ̀ tí ó dà bí ẹni pé ó dagun ń gun àtẹ̀gùn ni, ní ìgbésẹ̀ kéékèèké, bí èjìká Mario. Mo ti fa àpótí kéékèèké 16 sí 16 sórí ìwé báyìí, ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ ni mo sì fẹ́ gbé e lọ bá ahunṣọ kan ní Ìsẹ́yìn.