Irin wo ló yẹ fún ọ̀bẹ kíká tó ní ìtì?

ỌmọÒde (Ìjẹ̀bú-Òde)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ rọ ọ̀bẹ kíká, irú èyí tí ahọ́n irin inú èèkù máa ń tì í tí a bá ti ṣí i, kó má baà pa dé mọ́ni níka. Yóò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 8, yóò sì nípọn tó mílímítà 3. Ẹ̀gẹ́ bíbẹ, okùn gígé àti obì pípa ni iṣẹ́ rẹ̀. Irin tó wà nílẹ̀ ni sípíríǹgì pẹlẹbẹ ọkọ̀ akẹ́rù, fáìlì àtijọ́ kan, ṣíbí ìdáná oní-stainless, àti rọ́ọ̀dù ilé kíkọ́. Èwo ni kí n mú? Ṣé irin kan náà lè ṣe ọ̀bẹ kó tún ṣe ahọ́n? Èédú àti ẹwìrì ni mo fi ń dáná.

Ẹwìrì (Ṣàgámù)

Àbúrò, sípíríǹgì ni kí o mú. Kábọ́ọ̀nù inú rọ́ọ̀dù ilé kò tó nǹkan, bíi ìdá 0.2 sí 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó ti wù kí o rì í tó (ìyẹn ni pé kí o mú un gbóná, kí o tì í bọ òróró kó lè le), kò ní le débi tí yóò mú. Ṣíbí yẹn kì í le rárá, iná yòówù kí o fún un. Ọ̀pọ̀ sípíríǹgì akẹ́rù ló jọ irin tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní 5160: kábọ́ọ̀nù rẹ̀ tó bíi 0.6, ó sì ní kúrómíọ̀mù díẹ̀. Bí iná rẹ ò tilẹ̀ dọ́gba tán, kì í tètè bàjẹ́. Fáìlì a máa mú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí kábọ́ọ̀nù tirẹ̀ sábà máa ń lé ní 1, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ẹ́ kán. Òmíràn nínú àwọn olówó pọ́ọ́kú sì wà tó jẹ́ awọ rẹ̀ nìkan ló le.

Má gé e nítòsí ihò àárín tí bóòtù ń gbà kọjá. Ibẹ̀ ni irin ti máa ń sán tẹ́ẹ́rẹ́ tí ojú ò ní rí i. Kọ́kọ́ mú un pọ́n títí òòfà ò fi ní fà á mọ́, kí o wá rì í mọ́ inú eérú gbígbẹ di ọjọ́ kejì, kó lè rọ̀. Ìgbà yẹn ni kí o gbẹ́ ẹ sí mílímítà 3, kí o sì lu ihò ìṣó tí yóò máa yí lé. Bí o bá ti mú un le kí o tó lu ihò, díríìlì rẹ ló máa kú. Ẹnu rẹ̀ ní tiẹ̀, fi í sílẹ̀ kó nípọn tó mílímítà 0.7, tí o bá pọ́n ọn tán kí o tó rì í, á wọ́ tàbí kó là.

Abẹ́ òrùlé tó ṣókùnkùn díẹ̀ ni kí o ti rì í, torí oòrùn kì í jẹ́ kéèyàn mọ àwọ̀ iná. Òòfà máa ń jáwọ́ lára irin ní bíi 770°C. Má tíì rì í níbẹ̀. 5160 ń fẹ́ bíi 830°C, ìyẹn pupa tó ti ń fà sí àwọ̀ ọsàn. Òróró ẹ̀pà lítà 4 tó ti yá dé bíi 50°C ló tó. Má lo omi. Má sì lo kọ̀ǹdẹ́mù ọ́ìlì, èéfín rẹ̀ burú fún àyà.

Owú (Ìperu)

Ẹ̀gbọ́n Ẹwìrì, ẹ ṣeun. Ohun kan ni mo fẹ́ fi kún un: kò sẹ́ni tó mọ ìran sípíríǹgì àlòkù. Kí ó kọ́kọ́ gé èyí tó tó ìka, kó rì í bí ẹ ti wí, kó fi fáìlì ha á. Bí fáìlì bá ń yọ̀ lórí rẹ̀ tí kò jẹ ẹ́, ó ti le. Lẹ́yìn náà kó fi òòlù kán an, kó wo ojú ibi tó kán. Tó bá kúnná bí èlùbọ́ tí a jọ̀, ó dára. Tó bá rí ṣákiṣàki bíi gaàrí, tó ń dán wínniwìnni, iná ti pọ̀ jù nìyẹn, ọ̀bẹ náà á sì kán bákan náà.

Ìgbà tó bá le tán, kò tíì ṣeé lò. Ó gbọ́dọ̀ padà sínú ooru 200°C fún wákàtí méjì, lẹ́ẹ̀mejì. Ààrò búrẹ́dì lẹ́yìn tí wọ́n bá kó búrẹ́dì jáde máa ń wà nítòsí iye yẹn. Kó ha ara irin náà kó mọ́ kó tó kì í bọ̀ ọ́, kó lè rí àwọ̀: àwọ̀ koríko gbígbẹ ni à ń wá. Tó bá ti di àwọ̀ aró, ó ti rọ̀ jù fún ẹnu ọ̀bẹ.

Gẹdú (Ìjẹ̀bú-Igbó)

Ahọ́n kì í ṣe irin kan náà pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ó gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ kó sì máa padà, lẹ́gbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ẹ lọ sí ilé ìlagi, ẹ bèèrè àjákù sọ́ọ̀ gbọọrọ tí wọ́n fi ń la gẹdú. Ó nípọn tó mílímítà 1.2 sí 1.5, ó sì ti jẹ́ sípíríǹgì láti ilé iṣẹ́, kò nílò iná kankan mọ́. Ẹ jìnnà sí eyín rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, torí ìdí eyín ló máa ń là. Tí ẹ bá ń fi máṣíìnì gé e, ẹ máa tì í bọ omi. Ibi tó bá ti di àwọ̀ aró ti rọ̀ nìyẹn, ẹ gé e dànù. Tútù ni kí ẹ tẹ ahọ́n, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kọjá ibi tí ẹ fẹ́, torí á padà díẹ̀.

ỌmọÒde

Ẹ ṣé gan-an ni. Igun wo ni kí n gé sí ìdí ọ̀bẹ níbi tí ahọ́n yóò ti gbé e dúró?

Gẹdú

Digírì 7 sí 8. Tó bá dagun ju bẹ́ẹ̀ lọ, ahọ́n á yọ̀ kúrò nígbà tí ẹ bá tẹ ọ̀bẹ mọ́ nǹkan. Tó bá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gbọnrangandan, á há, ẹ ò ní lè pa á dé. Ẹ máa fi fáìlì yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ahọ́n dúró ní ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta ìnípọn ìdí ọ̀bẹ, kó lè ní àyè láti jẹ bọ̀ sí iwájú. Fún ìṣó tí ọ̀bẹ máa ń gún dúró tí a bá ṣí i tán, róólà wẹ́wẹ́ inú kúróòsì ọkọ̀ ló le jù. Níbi ìṣó tí ọ̀bẹ ń yí lé, wáṣà idẹ pẹlẹbẹ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀bẹ méjèèjì.

Ẹwìrì

Àbúrò, obì yóò mú kí irin náà dúdú. Kì í ṣe ìpẹtà, fi sílẹ̀. Èyí tó bá pupa ni kí o ha kúrò. Òróró ẹ̀pà kò gbọdọ̀ dé ibi ìṣó o, á lẹ̀ bí oje, ahọ́n ò sì ní dé àyè rẹ̀ mọ́. Ọ́ìlì ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹ̀kán kan. Kí o tó pọ́n ẹnu rẹ̀, ṣí i, wọ ìbọ̀wọ́ awọ, fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbá pákó lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bí ahọ́n bá sún kúrò lẹ́ẹ̀kan péré, tún igun yẹn ṣe.