Rhodes ayé àtijọ́: kí ló bà á jẹ́ gan-an?

ỌmọAláró: Ẹ kú ilé o. Mo ń ka ìtàn Rhodes, ìlú àwọn Gíríìkì tó wà lórí erékùṣù yẹn, ibi yòówù kí n ti kà á, ère bàbà gàgàrà yẹn ṣáá ni wọ́n ń sọ, pé ó ya ẹsẹ̀ sí ẹnu èbúté, ọkọ̀ ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá. Ṣé òótọ́ ni? Tí wọ́n bá lówó tó bẹ́ẹ̀, kí ló wá sọ wọ́n di ẹdun arinlẹ̀? Ogun ni àbí ilẹ̀ tó mì?

Bàbá Ìbejì: Irọ́ ni ti pé ó ya ẹsẹ̀ jàre, ta ló máa dí èbúté tó ń bọ́ ọ nítorí ère? Ìlú mẹ́ta tó wà lórí erékùṣù náà, Lindos, Ialysos àti Kameiros, ló para pọ̀ tẹ ìlú yẹn dó ní 408 ṣáájú ìbí Jésù (gbogbo ọdún tí mo bá kọ síbí, ṣáájú ìbí Jésù ni o). Ní 305 Demetrius, ọ̀gágun ará Makedóníà, gbógun dé torí wọn ò gbà láti bá Ptolemy ọba Íjíbítì jà, oníbàárà wọn mà ni, ó wá kan ilé ogun onípákó alájà mẹ́sàn-án tó ń yí lórí wíìlì mẹ́jọ, wọ́n fi irin bò ó, síbẹ̀ odidi ọdún kan ò rí ìlú náà gbà. Nígbà tó lọ, ẹrù ogun tó fi sílẹ̀ ni wọ́n tà tí wọ́n fi ṣe ère yẹn 😂. Chares ará Lindos ló ṣe é, ọdún 12 ló gbà á, ó ga tó mítà 33. Ní nǹkan bí 226 ilẹ̀ mì, ó kán lórúnkún.

Ìyá Ọlọ́jà: Bọ́dà, ilẹ̀ mímì kọ́ ló bà wọ́n jẹ́ o. Lẹ́yìn ìyẹn gan-an ni àwọn ọba kárí òkun ń fi owó, igi àti ọkà ránṣẹ́, torí ọjà tiwọn náà ń gba ibẹ̀. Róòmù ni kẹ́ ẹ bi. Nígbà tí Róòmù ń bá Perseus ọba Makedóníà jà, Rhodes lóun fẹ́ bá wọn parí ìjà, inú bí Róòmù, wọ́n gba ilẹ̀ tí Rhodes ní lókè òkun, wọ́n wá gbé erékùṣù Delos fún Áténì ní nǹkan bí 166, pé kí ẹnikẹ́ni má san kọ́sítọ́ọ̀mù níbẹ̀. Ó parí! Oníṣòwò wo ló tún máa yà sí Rhodes? Owó èbúté tó ń wọlé lọ́dún, mílíọ̀nù kan dírákímà (owó àwọn Gíríìkì), já wálẹ̀ sí 150,000. Kò sówó ọkọ̀ ogun mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ló ń lé olè orí omi tẹ́lẹ̀, làwọn olè bá gbòde.

ỌmọAláró: Háà, láìyọ idà! Wọn ò wá tún ère yẹn gbé dìde?

Bàbá Ìbejì: Ptolemy kẹta, ọba Íjíbítì, lóun á sanwó ẹ̀, wọ́n ní òrìṣà ò gbà. Ó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni táwọn èèyàn ń wá wò ó, Pliny, òǹkọ̀wé ará Róòmù, ní èèyàn díẹ̀ ló lè fi apá méjèèjì ká àtàǹpàkò ẹ̀.