Ẹ̀rẹ̀kẹ́ àbúrò mi ń wú, kò sì dùn ún

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ó ti lé lọ́dún kan tí eegun àgbọ̀n ìsàlẹ̀ àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 27, ti ń wú lápá òsì. Kò dùn ún rárá, òun ló jẹ́ ká fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. A ní kòkòrò eyín ni. Wọ́n yọ eyín kan, kò lọ. Méjì mìíràn ti ń mì báyìí. X-ray fi ihò kéékèèké hàn nínú eegun, bí ìgbà tí ọṣẹ bá hó. Dókítà eyín ní ó jọ ameloblastoma, ìyẹn kókó kan tó ń hù nínú eegun àgbọ̀n: kì í sábà jẹ́ jẹjẹrẹ, àmọ́ ó ń jẹ eegun. Wọ́n fẹ́ gé díẹ̀ yẹ̀ wò. Màmá wa kọ̀, wọ́n ní bí abẹ bá kàn án, yóò ràn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe àyẹ̀wò yìí rí, ṣé ó burú sí i?