Ìbéèrè mi lórí Signal àti Bitcoin ti yanjú

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Ohun tí mo béèrè ni pé ṣé Signal, áàpù tí a fi ń ránṣẹ́ síra wa, lè bo nọ́ńbà fóònù mi, ṣé Bitcoin, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, sì ń fi ẹni tó ń lò ó pamọ́.

Láti 2024, lórí Signal, èèyàn lè fún ẹlòmíì ní username (orúkọ téèyàn yàn fúnra rẹ̀) dípò nọ́ńbà fóònù, àmọ́ nọ́ńbà la ṣì fi ń forúkọ sílẹ̀. Lálẹ́ àná, mo jókòó ti àbúrò mi, a ka nọ́ńbà ààbò wa lórí Signal (òun ló ń fi hàn pé kò sẹ́lòmíì láàárín wa) síra wa létí, díjíìtì 60 ni, a kà á ní márùn-ún márùn-ún, gbogbo rẹ̀ bára mu.

Ti Bitcoin ló bà mí lẹ́rù. Gbogbo ìsanwó láti 2009 ló wà ní gbangba, orúkọ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Àdírẹ́sì Bitcoin kan ṣoṣo, ìyẹn ibi tí wọ́n ń sanwó sí, ni mo sì ń fún gbogbo oníbàárà! Ní báyìí, tuntun ni fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo pa ìbéèrè yìí dé.