Kóòṣì tó tó bàbá mi, báwo ni mo ṣe fẹ́ fún wọn ní káàdì?

Ọmọ Òkè-Fìà:
Ẹ̀yin ará ilé, mo kí yín o. Ìmọ̀ràn ni mò ń wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹfirí bọ́ọ̀lù níbí ní Òṣogbo ni. Ìdíje àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọmọ ọdún 15 ni wọ́n sábà máa ń fún mi, ti ilé-ìwé àti ti àdúgbò, èyí tí wọ́n ń gbá lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ọmọ yẹn ò yọ mí lẹ́nu. Àwọn tó wà létí pápá ni wàhálà mi.

Kóòṣì kan wà, ẹni àpọ́nlé ni wọ́n ládùúgbò wa, àwọn àti bàbá mi jọ ń ṣẹgbẹ́ ni. Tí mo bá ti fun fèrè lòdì sí ikọ̀ wọn, wọ́n ti wọ pápá nìyẹn: "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?" Lọ́jọ́ tí mo fún ọmọ wọn kan ní yẹ́lò, káàdì ìkìlọ̀, ńṣe ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ ẹ̀sín fún mi, àwọn òbí sì bá wọn pa á. Mo mọ̀ pé òfin fún mi láṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí mò ń dọ̀bálẹ̀ kí lójú títì, ṣé màá wá na káàdì sí wọn láàárín èrò? Tí n ò bá sì nà án, ikọ̀ kejì á ní mo ti gbàbọ̀dè. Kí ni kí n máa sọ? Àbí kí n dákẹ́ kí n jẹ́ kí fèrè sọ̀rọ̀? Ìdíje mìíràn ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ikọ̀ wọn sì wà níbẹ̀.

Ọmọ Òròkí:
Má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ jàre. Fun fèrè, fa káàdì yọ, máa sá lọ. Ìgbà tí o bá ti ń ṣàlàyé ni wọ́n máa rò pé o ń bẹ̀bẹ̀.

Fèrè Àgbà:
Àbúrò, o kú iṣẹ́. Orúnkún mi ò gbà á mọ́ ni mo ṣe fi fèrè sílẹ̀, mo ṣì ń ka òfin.

Láti 2019 ni wọ́n ti fàyè gba rẹfirí láti fi yẹ́lò àti pupa han kóòṣì àti àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kó tó dìgbà náà, ẹnu lásán la fi ń kìlọ̀ fún wọn, ẹnu náà la fi ń lé wọn. Èrò ò ní gbọ́ ohun tí a sọ, ikọ̀ kejì á máa rò pé à ń bá ara wa tàkúrọ̀sọ ni. Àǹfààní káàdì nìyẹn: gbogbo pápá ló rí i. Pàtẹ́wọ́ ẹ̀sín tí o sọ yẹn, Òfin kejìlá nínú ìwé òfin bọ́ọ̀lù dárúkọ rẹ̀ gbangba, yẹ́lò ni. Jíju ike omi torí ìbínú, yẹ́lò. Kí kóòṣì wọ pápá wá ko rẹfirí lójú, pupa ni, kódà tó bá jẹ́ àárín ìsinmi. Bí ariwo bá sì ti orí bẹ́ǹṣì wá tí o ò mọ ẹni tó pa á, kóòṣì àgbà tó wà níbẹ̀ ló máa gba káàdì náà.

Bí wàá ṣe fún wọn ló kù. Má sáré lọ. Dúró kí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ dúró, kí o rìn lọ, kí àyè wà láàárín yín, má sún káàdì mọ́ wọn nímú. Gbé e sókè, kí o sọ pé: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, yẹ́lò nìyí, nítorí pàtẹ́wọ́ tí ẹ pa." Ìdí kan, gbólóhùn kan, kí o padà sẹ́nu iṣẹ́. "Sà" tí o sọ ò dín àṣẹ rẹ kù. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohùn pẹ̀lẹ́ ní ń yọ obì lápò, ohùn líle ní ń yọ ọfà lápó.

Ìyá Gólì:
Ẹ jẹ́ kí àwa òbí náà sọ tiwa. A ò mọ ìdí tí ẹ fi ń fun fèrè o! Ọmọ mi ni gólì. Lọ́jọ́ kan wọ́n fún ikọ̀ kejì ní kọ́nà nígbà tí bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ mi. Gbogbo wa pariwo olè. Ilé ni ọmọ náà ti wá là mí lóye pé òfin 2025 ni: gólì ò gbọdọ̀ di bọ́ọ̀lù mú ju ìṣẹ́jú àáyá 8 lọ, rẹfirí á sì gbé ọwọ́ sókè ka márùn-ún tó gbẹ̀yìn. Rẹfirí yẹn kà á lóòótọ́, àwa la rò pé ó ń juwọ́ sí ẹnìkan. Ká ní wọ́n ti sọ fún wa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ta ni ì bá pe ọmọ ọlọ́mọ lólè?

Kóòṣì Ayétòrò:
Màmá ti sọ òótọ́. Kóòṣì ni mí, mo sì mọ̀ pé ẹnu wa ò dára, ṣùgbọ́n rẹfirí ìlú yìí náà a máa ṣe bí ọlọ́pàá ojú ọ̀nà. Béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn nínú wọn, ojú ló máa fi dá ẹ lóhùn.

Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni èyí tí wọ́n ṣe ní Euro 2024, ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ní Jámánì. Balógun ikọ̀ nìkan ló lè lọ bá rẹfirí béèrè ọ̀rọ̀, ẹlòmíràn tó bá sáré lọ á gba yẹ́lò. Tó bá jẹ́ gólì ni balógun, wọ́n á yan ẹlòmíràn tó wà nítòsí. Rẹfirí náà á sì ṣàlàyé fún ẹni yẹn. Èmi ti ń fi kọ́ àwọn ọmọ mi. Ariwo ti dín kù, balógun mi sì ti ń kọ́ bí a ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ láìgbóhùn sókè.

Ọmọ Òròkí:
Ti Yúróòpù nìyẹn. Wọ́n ní VAR, fídíò tí wọ́n fi ń tún ìdájọ́ rẹfirí yẹ̀ wò. Kí lèmi fẹ́ fi àlàyé ṣe ní pápá oníyẹ̀pẹ̀?

Fèrè Àgbà:
Wo ibi tí káàdì fúnra rẹ̀ ti wá, Ọmọ Òròkí. Ní 1966, ní Wembley, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gbá pẹ̀lú Argentina. Rẹfirí Kreitlein, ará Jámánì, lé Rattín, balógun Argentina, jáde. Rẹfirí ò gbọ́ èdè Sípéènì, Rattín ò gbọ́ ti Jámánì. Ọkùnrin náà ò kúrò, ó ń béèrè ògbufọ̀, bọ́ọ̀lù dúró gbọnin. Ken Aston, tó ń bójú tó àwọn rẹfirí ìdíje náà, ló wá ronú kan iná títì bó ṣe ń wakọ̀ lọ. Ní Ife Àgbáyé 1970 ní Mẹ́síkò ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ètò káàdì yẹ́lò àti pupa kalẹ̀. Àìgbọ́ra-ẹni-yé ló bí i.

Àwọn tó ní VAR gan-an ti ń sọ̀rọ̀ báyìí. Nígbà tí Super Falcons lọ sí Australia fún Ife Àgbáyé àwọn obìnrin ní 2023, ṣé o ò gbọ́ bí rẹfirí ṣe ń fi ẹ̀rọ sọ ìdájọ́ fún gbogbo èrò lẹ́yìn tó bá wo fídíò tán?

Ọmọ Òkè-Fìà:
Ẹ ṣeun gan-an. Ìbéèrè méjì ló kù. Mo gbọ́ pé wọ́n lè ní kí ọmọ tó ń bú rẹfirí lọ jókòó fúngbà díẹ̀ kó tó padà wọlé. Ṣé mo lè ṣe é? Èkejì, mo ń rò ó pé kí n lọ kí kóòṣì náà nílé kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí n bẹ̀ wọ́n.

Fèrè Àgbà:
Àkọ́kọ́: ó wà fún bọ́ọ̀lù ọmọdé àti ti àdúgbò, ìṣẹ́jú 10 nínú bọ́ọ̀lù oní 90. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣètò ìdíje ló máa gbà á wọlé, pẹ̀lú àṣẹ àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè. O ò lè dá a sílẹ̀ fúnra rẹ.

Èkejì: má dé ilé yẹn! Mo mọ̀ pé bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, ká lọ bá àgbà nílé. Fún rẹfirí, ẹnìkan péré tó bá rí ẹ lẹ́nu ọ̀nà wọn ti tó. Pe àwọn kóòṣì méjèèjì pọ̀ láàárín pápá kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, kí gbogbo ènìyàn máa wò yín. Dọ̀bálẹ̀ fún àwọn méjèèjì tó bá wù ẹ́. Sọ ohun tí o ò ní gbà.

Kóòṣì Ayétòrò:
Kí balógun méjèèjì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìyá Gólì:
Kí o sì sún mọ́ ibi tí àwa òbí jókòó, kí a lè gbọ́.

Ọmọ Òkè-Fìà:
Mo gbọ́ o. Tó bá wá di pupa ńkọ́?

Fèrè Àgbà:
Kọ ìwé rẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kọ ìṣẹ́jú tó ṣẹlẹ̀ àti ọ̀rọ̀ náà bó ṣe jáde lẹ́nu wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ èébú. Fún àwọn aláṣẹ ìdíje. Má gbé e sórí WhatsApp.