Ìtàn kúkúrú mi ń di fíìmù ìṣẹ́jú 10: ìwé eré, ohùn àti sọ́bútáítù

Akọ̀tàn béèrè:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti parí ìtàn kan tó tó 3,000 ọ̀rọ̀, mo sì fẹ́ fi fóònù yà á ní fíìmù. Èèyàn méjì péré ló wà nínú rẹ̀, inú ilé kan ṣoṣo sì ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Yorùbá ni wọ́n máa sọ, sọ́bútáítù Yorùbá á sì wà nísàlẹ̀. Ìdajì ìtàn náà ló jẹ́ ohun tí obìnrin náà ń rò lọ́kàn. Máíkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ ni mo ní, ẹyọ kan. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, irinṣẹ́ wo ni ẹ sì gbẹ́kẹ̀ lé?

Ìwé Eré fèsì:
Ẹ kọ́kọ́ mú ìtàn yẹn, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tí ẹ ti kọ "ó rò", "ó rántí", "ó mọ̀". Kámẹ́rà kò lè rí ìkankan nínú wọn. Ẹ wá ohun tí ọwọ́ lè ṣe dípò ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ó rántí pé ọkọ òun kò ní padà wá" lè di pé ó gbé abọ́ méjì sórí tábìlì, ó wò wọ́n, ó sì dá ọ̀kan padà. Gbólóhùn tí kò bá rí iṣẹ́ ọwọ́ tó lè gbé e, ẹ yọ ọ́, bó ti wù kó dùn tó. Ẹ má sì sáré lọ fi ohùn tó ń ka èrò rẹ̀ sẹ́yìn àwòrán. Ohun tí ojú ti rí tẹ́lẹ̀ ló sábà máa ń tún sọ.

Ojú ìwé eré kan, tí ẹ bá fi fọ́ọ̀ntì (irú lẹ́tà) Courier, ìwọ̀n 12, tẹ̀ ẹ́, máa ń sún mọ́ ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ìran tí kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu púpọ̀ máa ń gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí tiyín dúró sí ojú ìwé 8. Fountain, ìlànà kan fún kíkọ ìwé eré, ni kí ẹ fi kọ ọ́: fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, ibi gbogbo ló ti ń ṣí, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀.

Etígbọ́ fèsì:
Máíkì kan tó, tí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó fi sí. Àyà ni, kó jìnnà sí ẹnu tó 15 sí 20 cm. Ẹ fi téèpù mú aṣọ lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀ kó má baà máa ha ẹnu máíkì, kí ẹ sì ká wáyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sábẹ́ téèpù náà, kí ìfà má baà dé orí rẹ̀.

Ẹni tí kámẹ́rà bá kọjú sí ni kó wọ máíkì. Ẹnì kejì kò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, torí pé ohùn méjì tó bá ti wọnú ara wọn kò ṣeé gé sọ́tọ̀. Ẹ gba ohùn sílẹ̀ ní WAV (irú fáìlì ohùn tí wọn kì í sábà fún pọ̀), 48 kHz, 24-bit. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù kó máa dé -12 dB lójú òṣùwọ̀n ohùn. Tó bá fi lè kan 0, ohùn ti fọ́ nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Ẹ pa ètò tó ń gbé ohùn sókè fúnra rẹ̀, nítorí pé bí òṣèré bá ti dákẹ́ báyìí, ariwo ẹ̀yìn ló máa gbé sókè.

Kí ẹ tó kúrò ní yàrá kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo èèyàn dákẹ́, kí ẹ gba ìró yàrá náà fún ìṣẹ́jú kan. Tí ẹ bá yọ ikọ́ kan kúrò nínú ọ̀rọ̀, ìró yẹn ni ẹ ó fi dí àyè rẹ̀. Bí ẹ bá fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, òǹwòran á rò pé ohùn já. Ẹ pa fáànù àti fìríìjì, kí ẹ sì ju kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ sínú fìríìjì náà. Ẹ kò ní gbàgbé láti tàn án padà kí ẹ tó lọ.

Ojú Kámẹ́rà fèsì:
Férémù (àwòrán ẹyọ kọ̀ọ̀kan) 25 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, shutter (àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún férémù kọ̀ọ̀kan) 1/50, níbi tí iná mànàmáná bá ti jẹ́ 50 Hz. Tó bá jẹ́ 60 Hz, férémù 30 àti 1/60, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gílóòbù á máa ṣẹ́jú nínú àwòrán. Iye férémù fóònù kì í dúró lójú kan, ìyẹn ló máa ń jẹ́ kí ẹnu àti ohùn yapa díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi HandBrake, ètò tó ń yí fáìlì fídíò padà, sọ fáìlì náà di Constant Framerate (iye férémù tí kì í yí padà) kí ẹ tó gbé e sínú DaVinci Resolve, ètò tí wọ́n fi ń gé fíìmù tó sì ń tò ó. Èyí tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ tó fún iṣẹ́ yìí.

Akọ̀tàn:
Ẹ ṣeun gan-an. Nínú sọ́bútáítù ńkọ́? Àmì orí ọ̀rọ̀ ń fò kúrò lórí lẹ́tà.

Àmì Orí fèsì:
Ẹ wo irú bó ṣe ń bàjẹ́. Tó bá jẹ́ pé "áº¹" ni ẹ ń rí níbi tó yẹ kí "ẹ" wà, ẹ̀rọ kò ka fáìlì SRT yín (fáìlì ọ̀rọ̀ tí sọ́bútáítù wà nínú rẹ̀) bíi UTF-8, ìyẹn ọ̀nà ìfipamọ́ ọ̀rọ̀ tó gba gbogbo lẹ́tà Yorùbá. Ẹ tún un fi pamọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí "à" bá dúró dáadáa, tí ti "ọ̀" wá ń bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, fọ́ọ̀ntì ni. "À" ní kóòdù tirẹ̀, "ọ̀" kò ní: lẹ́tà kan àti àmì kan ni wọ́n so pọ̀, fọ́ọ̀ntì tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń so ó á tú wọn ká. Noto Sans, Gentium tàbí Charis SIL mọ̀ ọ́n.

Ìlà méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má ju lẹ́tà 42 lọ, kó má sì pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá 7 lójú àwòrán. Ọ̀pọ̀ ètò máa ń ka àmì orí "ọ̀" bíi lẹ́tà mìíràn, nítorí náà bí ó bá ní ìlà yín ti di 46, ẹ fi ojú ara yín kà á kí ẹ tó gé ọ̀rọ̀. Fún ibi tí ẹ kò mọ ẹ̀rọ tí wọ́n máa fi gbé e, ẹ lẹ sọ́bútáítù mọ́ àwòrán pátápátá, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan lára sọ́tọ̀.