Ọmọ mi fẹ́ fi dípúlómà Amẹ́ríkà wọ yunifásítì ní Ìlú Ọba: ṣé ó tó?

Ìyá Mofẹ́ (Sùúrùlérè):
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Grade 11 ní ilé-ìwé kan ní Lẹ́kì tí ó ń lo ètò ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà, nítorí náà kò ní ṣe A-Level, ìdánwò tí àwọn ọmọ Ìlú Ọba fi ń wọ yunifásítì, rárá. Nígbà tí a fi í síbẹ̀, Amẹ́ríkà ni ọkàn wa wà, nítorí ibẹ̀ ni mo bí i sí, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi tí ó wà ní Manchester ní kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ọmọ náà sì ti gbà. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ni ó fẹ́ kọ́. GPA rẹ̀, ìyẹn àròpín máàkì rẹ̀ nílé-ìwé, jẹ́ 3.8, ó sì gba 1410 nínú SAT, ìdánwò ìwọlé yunifásítì Amẹ́ríkà. Ọkùnrin kan tí ó ń bá ènìyàn wá ilé-ìwé sí òkè òkun sọ fún mi pé dípúlómà rẹ̀ ti tó, pé kí n ṣáà ti san owó iṣẹ́ òun. Ṣé lóòótọ́ ni? Ṣé páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà tí ó ní sì lè mú kí owó ilé-ìwé dín kù?

Olùkọ́ Yàbá:
Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì tí orúkọ wọn ń rìn ní Ìlú Ọba, dípúlómà nìkan kò tó, ìdí rẹ̀ kò sì le láti mọ̀. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń lò fún oyè àkọ́kọ́ ní England, wọn kì í sì í lo ọdún kìíní láti tọ́ onírúurú ẹ̀kọ́ wò bí wọ́n ti ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọn yóò ti máa kọ́ ọmọ yín ní ìmọ̀ ẹ̀rọ, láàárín àwọn tí wọ́n ti fi ọdún méjì gbáko ṣe iṣẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré fún A-Level. Ohun tí wọ́n fi ń díwọ̀n ọmọ tí ó ti ilé-ìwé Amẹ́ríkà wá ni ìdánwò AP, ìdánwò ìpele yunifásítì tí wọ́n ń ṣe lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ọmọ tó jáde ní girama, tí máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1 dé 5. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń béèrè AP mẹ́ta tí máàkì wọn jẹ́ 4 tàbí 5. Oxford ní tirẹ̀ fẹ́ máàkì 5 nínú AP mẹ́rin, tàbí máàkì 5 nínú AP mẹ́ta pẹ̀lú SAT tí kò dín ní 1480. Fún ìmọ̀ ẹ̀rọ, AP ìṣirò tí wọ́n ń pè ní Calculus BC àti ti físíìsì tí wọ́n ń pè ní Physics C ni kí ẹ kọ́kọ́ dì mú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka Calculus AB àti BC sí méjì fún yín, nítorí ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń kà wọ́n sí.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó máa ń ká àwọn ọmọ wọ̀nyí lẹ́sẹ̀ ni àròkọ. Èyí tí wọ́n kọ́ wọn fún Amẹ́ríkà, tí ọmọ á fi sọ bí ìyá àgbà ṣe tọ́ ọ dàgbà, kò wúlò púpọ̀ lórí UCAS, ojú òpó tí wọ́n fi ń béèrè àyè ní yunifásítì Ìlú Ọba. Láti orí àwọn tí ń wọlé ní 2026, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n ní láti dáhùn, gbogbo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju lẹ́tà 4,000 lọ; ìdí tí ọmọ fi fẹ́ iṣẹ́ náà àti ìmúrasílẹ̀ rẹ̀ fún un ni wọ́n fẹ́ kà. Ilé-ìwé márùn-ún ni ó lè yàn. Bí Oxford tàbí Cambridge bá wà nínú wọn, ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá ni ìlẹ̀kùn ń tì, kò sì lè yan méjèèjì lọ́dún kan náà.

Baba Ìbejì (Ìkòyí):
Ojú wa rí i nílé yìí. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni ó tan èmi náà jẹ. Nígbà tí a fi máa gbọ́ nípa AP, oṣù kọkànlá ti kọjá, ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò oṣù karùn-ún sì ti parí. Ọdún ìpìlẹ̀ kan, ìyẹn ọdún ìmúrasílẹ̀ kí oyè gan-an tó bẹ̀rẹ̀, ni ọmọkùnrin mi fi wọlé níkẹyìn, a sì san owó odidi ọdún kan lórí ohun tí ìdánwò mẹ́ta ìbá ti yanjú. Ẹ wo Scotland náà o, mà. Ọdún mẹ́rin ni tiwọn, àwọn kan níbẹ̀ sì máa ń fara mọ́ AP méjì bí SAT bá dára.

Àǹtí Èbúté Mẹ́ta:
Ní ti owó, páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà kò sọ ọmọ di ọmọ onílé ní Ìlú Ọba. Owó àlejò ni yóò san, bí ẹ̀gbọ́n yín tilẹ̀ ń gbé Manchester, yóò sì gba físà akẹ́kọ̀ọ́. Nítorí pé Èkó ni ó ń gbé, àyẹ̀wò ikọ́ ife kò yọ ọ́ sílẹ̀. Àǹfààní tí ó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ Amẹ́ríkà lè yá owó lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ wọn nípasẹ̀ FAFSA, fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ilé-ìwé wọn, láti fi kàwé ní àwọn yunifásítì Ìlú Ọba tí ó wà nínú ètò náà. Ṣùgbọ́n $5,500 ni ọmọ tí òbí ṣì ń gbọ́ bùkátà rẹ̀ lè yá lórúkọ ara rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ má fi ṣe àgbójúlé. Gbèsè ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ìyá Mofẹ́:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ti pe ilé-ìwé. Wọ́n ní Calculus BC, ṣùgbọ́n wọn kò ní Physics C. Wọ́n júwe ilé-ìwé kan fún mi ní Ìkẹjà tí ó máa ń gba ọmọ ìta láti wá jókòó ṣe ìdánwò. Ọjọ́ Ajé ni mò ń lọ.

Olùkọ́ Yàbá:
Ó dára, mà. Oṣù kẹsàn-án ṣì ni a wà, ó sì ní oṣù karùn-ún méjì níwájú kí ó tó jáde. Ìdánwò méjì ni Physics C, Mechanics lọ́tọ̀, iná mànàmáná àti agbára mágínẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀. Bí ẹ bá dé Ìkẹjà, ẹ bi wọ́n bóyá méjèèjì ni wọ́n ń ṣe.